Tákàdá, Tàdáwà àti Ẹ̀rọ Ayélujára

Ẹsẹ ọ̀rọ̀ wa: Ìwé Kejì Johannu, ẹsẹ 12. Kí a ka Ìwé Kẹta Johannu, ẹsẹ 13 àti 14 mọ́ ọn.

Láti ìgbà díẹ̀ wá ni ìbéèrè kan ti ń yọjú nínú ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ: ó ha tọ́ kí ìjọ Ọlọ́run máa fi ẹ̀rọ ayélujára ṣe iṣẹ́ Olúwa bí? Àwọn kan ń wí pé ìjọ tí kò bá ní ìkànnì tirẹ̀ lónìí, ayé yóò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń wí pé ibi tí irọ́ àti ìwà èérí ti ń jáde kò yẹ fún ohun mímọ́. Àwa kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ìhà méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí a jùmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ìwé Mímọ́, kí a sì gbọ́ ohun tí yóò wí fún wa.

Nínú ìwé kékeré tí ó kọ sí obìnrin ọlọ́lá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, àgbà Johannu jẹ́ kí ó yé wọn pé òun ní ohun púpọ̀ láti bá wọn sọ, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ lé tákàdá àti tàdáwà lọ́wọ́. Ìrètí rẹ̀ ni láti wá sí ọ̀dọ̀ wọn, kí wọn rí ojú ara wọn, kí ẹnu sì bá ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ayọ̀ wọn yóò gbé kún. Bákan náà ni ó wí fún Gaiu nínú ìwé tí ó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun 3 nínú ìṣe àgbà yìí. Èkíní, ó kọ ìwé. Èkejì, kò kọ ohun gbogbo sínú ìwé. Ẹ̀kẹta, ó múra láti lọ. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kúrò, ó ti ba iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn jẹ́.

Èkíní: Ó kọ ìwé

Tákàdá àti tàdáwà kì í ṣe ohun mímọ́ fún ara wọn. Àwọn oníṣòwò a máa fi wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, àwọn ọba ayé a sì máa fi wọ́n pàṣẹ ikú. Ní Efesu pàápàá, ìwé idán ni àwọn kan ní nílé, tí wọ́n kó jọ tí wọ́n sì dáná sun nígbà tí wọ́n gba Olúwa gbọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 19. Síbẹ̀ Johannu kò tìtorí èyí ta tákàdá nù. Paulu pẹ̀lú, nígbà tí a dè é tí kò lè jáde lọ bẹ ìjọ kankan wò, ìwé rẹ̀ rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé. Ohun èlò ni aláàárù. Ẹni tí ó di ẹrù náà ni a ó bi léèrè ohun tí ó dì sínú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ yìí mọ èyí. Ajayi, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí ó wá di Samuel Ajayi Crowther, kò ka ìwé títẹ̀ sí ohun òyìnbó lásán. Ní 1843, ọdún tí ó gba oyè àlùfáà, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1850 a tẹ ìwé Romu ní èdè wa. Nígbà tí ó di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Henry Townsend, ará C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, láti inú rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sì ti jáde ní 1859, tí ìròhìn ìjọ àti ìròhìn ìlú gbé wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Kí 1909 tó parí, ó ti gba Ọ̀fà wa yìí kọjá dé Jẹ́bà. Ọkọ̀ kan náà tí ń kó ẹrù oko ni ó ń kó Bíbélì, ìwé orin àti lẹ́tà. Ta ni ó wí pé òun kò ní gba Bíbélì, nítorí pé ọkọ̀ tí ó gbé e dé gbé ọtí pẹ̀lú?

Ní oṣù kẹjọ 2001 ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, lónìí ó sì ti di ohun tí ọlọ́jà, àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń mú lọ́wọ́. Ẹ rò nípa àwọn tí agogo wa kò lè dé etí wọn mọ́: ọmọ Ọ̀fà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ kò gbé dé ilé ìsìn mọ́, nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, àti adití ará wa tí kò gbọ́ ìwàásù wa rí bí ó tilẹ̀ jókòó ní iwájú, ṣùgbọ́n tí ó lè kà á bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ rò nípa àjèjì pẹ̀lú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀fà ní 1992, tàbí ọ̀dọ́ tí a rán wá sin ilẹ̀ baba rẹ̀, tí ó dé ní ọjọ́ Sátidé tí ó sì ń fi fóònù wá ibi tí yóò ti sin Ọlọ́run ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá rí ilé wa àti wákàtí ìsìn wa lórí ayélujára, bí ẹni pé a kò sí ni lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Ọlọ́run ní ilẹ̀ wa sì wà ní títì. Àlùfáà dúró níwájú fóònù, ó ka Ìwé Àdúrà, ó wàásù, àwọn ènìyàn sì ń dáhùn Àmín nínú ilé wọn. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà yẹn fi ohun mìíràn hàn wá. Àgbàlagbà tí fóònù rẹ̀ kò lè ṣe ju kí a fi pe ènìyàn lọ, opó tí kò ní owó dátà, ará abúlé tí iná mànàmáná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ni kò sí nínú ìjọ náà. Bí a bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tí kò lè gba ibẹ̀ ni a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Nítorí náà, kí ìkànnì wà, kí ìwé títẹ̀ má sì ṣe tán, kí ìkéde ẹnu má sì ṣe parẹ́. Kí a sì rántí àpò àwọn ènìyàn wa: dátà tí wákàtí kan àwòrán tí ń rìn ń jẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ yóò fi ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwàásù tí a kọ sílẹ̀. Ẹ kọ ìwàásù sílẹ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín fún ẹ̀yin olùkọ́. Ní oṣù kìíní 1875, àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ Ìhìnrere péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí a bá kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ìkọkúkọ, a ó kà á ní ìkàkúkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù lónìí! Bí akọ̀wé ìjọ bá fẹ́ kéde pé kí àwọn ìyá mú ọkọ́ wá ní Sátidé láti ro ọgbà ìjọ, tí ó sì kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, àwọn kan yóò mú ọkọ wọn wá, àwọn mìíràn yóò máa wá ẹni tí yóò yá wọn ní ọkọ̀. Bí ó bá sì gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ó kù yóò gba oko lọ. Ẹ̀rín ni èyí, ṣùgbọ́n kì yóò jẹ́ ẹ̀rín bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni a kọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí kan sì wà tí lẹ́tà wa fi máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ. Ìlànà kan wà tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé, tí à ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Ẹni tí ó bá fi ìlànà àtijọ́ kan tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan tẹ ìwé, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, àpótí kéékèèké ni ẹni náà yóò rí. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá tí ó bá ìlànà ayé mu wà fún fóònù, kò sì gba owó. Ẹ kọ́ àwọn akọ̀wé ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ti ń lò ó. Ìkànnì ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú, ilé tí a kọ́ fún àlejò ni, tí onílé kò rí ibi jókòó sí.

Kí a tó kúrò níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ìpamọ́. Ní 1867, nígbà tí rúkèrúdò bẹ́ ní Abẹ́òkúta tí a sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, Ìwé Ìròhìn náà dákẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a lè tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan án ní títẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àkọsílẹ̀ tí ó kù ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. Ní 1921 ni ó tó jáde. Ẹ wo ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó tí ń bẹ nínú àpótí ilé ìsìn yín: ikán ha ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí? Ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kí èkejì wà ní ibòmíràn tí iná kan náà kò lè dé. Ìkànnì pẹ̀lú a máa kú. Ọ̀dọ́ kan a fi ìtara dá a sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, a gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kò sí ẹni tí ó san owó ọdún, títí ìkànnì náà yóò fi máa pe àwọn ènìyàn sí ìkórè ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kí a fi orúkọ ìjọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ènìyàn 2 mọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé tí a tì mọ́ inú àpótí irin ìjọ.

Èkejì: Kò kọ ohun gbogbo sínú ìwé

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbé wúwo. Kì í ṣe pé Johannu kò ní ohun mìíràn láti sọ. Ohun púpọ̀ ni ó ní. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìwé a máa bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a kò kọ ọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún tákàdá tí ènìyàn kan ń gbé rìn, mélòómélòó ni fún ọ̀rọ̀ tí ìka kan yóò tẹ̀ tí yóò sì dé ilé 100 kí a tó ṣẹ́jú? Àwọn baba wa wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣé e kó.

Àwa mọ ìyá kan. A kì yóò dárúkọ rẹ̀, a kì yóò sì dárúkọ ìjọ rẹ̀. Ó sọ àìsàn rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn ará, ó sì ní kí ó máa rántí òun nínú àdúrà. Ẹni náà kò ní èrò ibi. Ó kọ ọ́ sínú agbo WhatsApp àwọn aládùúrà: orúkọ, àìsàn, àti ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Oúnjẹ sì ni ìyá náà ń tà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, nígbàkúùgbà tí a bá bi í léèrè ohun tí a ó bá a gbàdúrà lé lórí, èsì rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti korò tó. Àgùntàn kan wà nínú agbo tí kò lè fi egbò rẹ̀ han olùṣọ́ mọ́.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti rí ewu yìí. Òfin tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni ní Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lọ́nà àkànṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé sí abẹ́ àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ wọn. Ṣé kí òfin Késárì wá máa kọ́ ìjọ Kristi ní bí a ti ń pa àṣírí ọmọnìkejì mọ́? Kí á gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí á tó dárúkọ rẹ̀. Bí kò bá fẹ́, Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń wí bí a kò tilẹ̀ dárúkọ. Kí a gba àṣẹ òbí kí a tó gbé àwòrán ọmọ ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi síta. Ẹ̀bi ará tí ó ṣubú, ìjà tọkọtaya, gbèsè ẹni, kí a má ṣe rí wọn lórí ẹ̀rọ rárá. Olúwa wa tìkára rẹ̀, nínú Matteu orí 18, ní kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin tí ó ṣẹ̀ wá ní òun nìkan. Ta ni ó lè jẹ́ òun nìkan nínú agbo tí ojú 200 ń wò?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn olè ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kì í kọ̀ fún àlùfáà wọn. Wọn a kọ́kọ́ bẹ ẹni kan pé kí ó fún àwọn ní nọ́ńbà 6 tí ó ṣèèṣì wọ inú fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà náà ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ti wọlé, ní orúkọ rẹ̀ ni wọn ó fi máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí a bá sì rí ìpè fún owó lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni náà. Àkáǹtì tí a ó máa fi ọrẹ sí, kí ó jẹ́ ti ìjọ, kí a kà á síta láti orí àga, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìsìn, kí gbogbo ènìyàn lè fi wé èyí tí wọ́n bá rí lórí ẹ̀rọ.

A kò lè ṣàì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kan fún àwa oníwàásù. Láti òpin 2022 ni àwọn ẹ̀rọ tí ń fúnra wọn kọ̀wé ti wà ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè rí ìwàásù gbà lọ́wọ́ wọn kí omi tó hó lórí iná. Kò burú kí a fi ẹ̀rọ wá ẹsẹ Bíbélì tàbí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ pé ilé kan nínú ìjọ wa sin òkú ní ọjọ́bọ̀, kò sì mọ pé omijé ṣì wà lójú ẹni tí ó jókòó ní ìjókòó kẹta. Ẹni tí kò bá agbo jókòó, kí ni yóò fi bọ́ wọn?

Ẹ̀kẹta: Ó múra láti lọ

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè kọlu àwọn báńkì ní Ọ̀fà, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú. Fóònù gbé ìròhìn náà lọ sí ibi gbogbo tí ọmọ Ọ̀fà wà, ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sì padà wá láti ibi gbogbo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè jókòó lórí ẹní pẹ̀lú opó, tàbí gbé omi fún ọmọ tí ń sunkún. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó rin ìrìn náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Johannu sì mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá.

Ewu tí ó tóbi jù nínú ẹ̀rọ ayélujára fún ìjọ, lójú tiwa, kì í ṣe àwọn ohun búburú tí ń bẹ nínú rẹ̀ nìkan. Ohun rere inú rẹ̀ pẹ̀lú ni, nígbà tí a bá fi í rọ́pò èyí tí ó dára jù ú lọ. Bàbá arúgbó kan a máa gbọ́ ìsìn lórí fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Àwa a sì sọ láàárín ara wa pé, Bàbá ń bá wa sìn. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tí ó gbé Ìdàpọ̀ Mímọ́ lọ bá a lórí ibùsùn, nítorí búrẹ́dì àti wáìnì kò lè gba inú fóònù kọjá. Ẹ̀rọ náà tí à bá fi mọ ọjọ́ tí a ó bẹ̀ ẹ́ wò ti di ohun tí a fi gbàgbé rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iye àwọn tí ó wo ìsìn wa lórí ayélujára tàn wá jẹ. Ẹni tí ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan tí ó sì kọjá lọ, a kà á mọ́ wọn. Olùṣọ́ àgùntàn rere nínú Johannu orí 10 fi orúkọ pe àwọn àgùntàn tirẹ̀. Kò sọ iye wọn fún wa.

Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a gbé ojú wa sókè wo Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ìwé Heberu, orí 1, kọ́ wa pé ní ìgbà àtijọ́ Ọlọ́run fi ẹnu àwọn wòlíì bá àwọn baba sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà púpọ̀. Ó ránṣẹ́, ó sì jẹ́ kí a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò kún, kò fi gbogbo rẹ̀ mọ sí iṣẹ́ rírán. Ó wá. Ọ̀rọ̀ náà gbé ara wọ̀, ó bá wa jẹun, ó fi ọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, ó sunkún ní ibojì Lasaru. Bí Ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ láti ọ̀run kí gbogbo ayé sì gbọ́ bá ka wíwá sí ohun tí ó tọ́, ta ni àwa tí a ó fi wí pé ìránṣẹ́ orí fóònù tó?

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé wọn tí ń bọ̀. Kí wọ́n bi ara wọn léèrè: Wákàtí ìsìn wa ha wà níbi tí àjèjì lè rí i bí? Ọ̀rọ̀ wa ha wà ní Yorùbá tí ó ṣe é kà bí? Ìwé ìsàmì wa ha ní ẹ̀dà kejì bí? Ta ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà? Àṣírí ta ni ó wà nínú agbo àdúrà wa tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀? Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ìsìn nítorí pé wọn kò lè wá, kí wọ́n sì pín orúkọ náà láàárín àwọn àlùfáà, àwọn katikíìsì, àwọn olùkọ́ àti Ẹgbẹ́ Ìyá, kí ó má ṣe sí ọ̀kan nínú wọn tí oṣù kan yóò kọjá lórí rẹ̀ láìrí ojú ará ìjọ kan. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò di ìránṣẹ́ rere, yóò máa sáré níwájú wa láti kan ilẹ̀kùn, àwa náà yóò sì máa tẹ̀lé e wọlé.

Kí Olúwa, ẹni tí ó ránṣẹ́ sí wa tí ó sì tún wá, fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a ó fi ránṣẹ́, ìfaradà láti pa ohun tí ó yẹ kí a pa mọ́ sínú, àti okun ẹsẹ̀ láti lọ sí ibi tí a ti ń retí wa. Nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.